Fáìlì Tí Ọ̀gá Fi Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá aládùúgbò wa ń rí mi lára. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ya àwòrán ilé tí ọ̀gá fẹ́ kọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ògiri wà nínú fáìlì àgbà. Ilé ìgbẹ́ àti páìpù wà nínú fáìlì mìíràn tí fáìlì àgbà máa ń lọ pè wá; bí ìyẹn ò bá sí níbẹ̀, wọn ò ní hàn. Ó kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi ìkankan sílẹ̀.”

Ọ̀gá ní ẹrù yẹn ti pọ̀ jù. Fáìlì àgbà nìkan ló fún bíríkìlà, bíríkìlà sì kọ́ ohun tó rí.

Ọ̀gá wá ń pariwo kiri pé ẹ̀gbọ́n mi ò mọṣẹ́. Láàárọ̀ yìí, ó ń gbé póò ìgbẹ́ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ohun inú ẹ̀ ń kán sílẹ̀ tó-tó-tó. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ di imú.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkankan sílẹ̀.”