Ẹran Abúlé Ọ̀ṣúnwùmí

Bí ẹ bá mọ Ọ̀ṣúnwùmí, aránṣọ ojúlé wa ní Ṣàpọ́n, ẹ kò ní bi í pé kí ló ń fi ẹlẹ́dẹ̀ ṣe. Àárín ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Fágbénlé àbúrò rẹ̀ ṣì ń sìn wọ́n lábúlé, òun ló sì máa ń fi itan ránṣẹ́ sí i.

Ọmọ́ṣaléwá, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀ṣúnwùmí bí, ló ti ìlú ọba dé. Ọkọ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò sunkún, kò bínú, ó kàn kọ oúnjẹ ni. Ìyá gúnyán, ó ní òun ti yó. Ìyá se mọ́ínmọ́ín, ó ní kí wọ́n gbé e fún ará ilé. Èmi náà jẹ níbẹ̀, irọ́ ò dáa. Ọmọ náà rù débi pé ìró kì í dúró nídìí rẹ̀ mọ́, ẹ̀rù sì ba ìyá rẹ̀ gan-an. Ó bi í títí, kó tó sọ pé nígbà òtútù lọ́hùn-ún, pọ̀tétò àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n da mílíìkì lé, tí wọ́n wá yan, ló máa ń tu òun nínú.

Ọ̀ṣúnwùmí wá pọ̀tétò lọ sí Òkè-Ìléwó. Ó gé e pẹlẹbẹ, ó tò ó sínú páànù, ó to ẹran àti àlùbọ́sà lé e, ó tún fi pọ̀tétò bò ó, ó sì da mílíìkì sí i. Ibi tí yóò ti yan án ló kù. Ààrò kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò, ti Àlàájà Kùdírátù tó ń ṣe búrẹ́dì. Ni obìnrin yìí bá faṣọ bo páànù, ó gbé e lọ bá Àlàájà! Mo tẹ̀ lé e, nítorí mo mọ̀ pé ìjà ń bọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àlàájà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ki èyí bọ ààrò."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ẹran ni, mà."

"Ẹran kí ni?"

Ọ̀ṣúnwùmí wolẹ̀. "Ẹran abúlé wa ni."

"Ẹran abúlé yín ò lórúkọ ni? Màlúù lórúkọ, ewúrẹ́ lórúkọ."

Ọ̀ṣúnwùmí bú sẹ́kún. "Ẹ má bínú, mà. Ṣaléwá ò jẹun. Ẹ̀rù ń bà mí ni."

Àlàájà nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀. "Aúsùbílà! Ìyẹn ò lè wọ ààrò mi láéláé. Gbé e padà sílé. Wá ìkòkò ńlá, da iyanrìn sísàlẹ̀ rẹ̀, gbé e kaná kó gbóná. Gbé páànù yẹn lé iyanrìn, kó o dé e pa. Mò ń bọ̀."

Ó sì wá lóòótọ́. Ó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ibẹ̀ ló ti ń pàṣẹ: "Dín iná kù! Má ṣí i!" Imú ló fi ń ṣọ́ oúnjẹ tí kò ní fẹnu kàn. Nígbà tó ní ó ti jinná, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, orí rẹ̀ ti pọ́n dáadáa.

Ọmọ́ṣaléwá bù ú jẹ. Ó tún bù ú. Àlàájà na ọrùn wọlé.

"Ṣaléwá, báwo ni?"

"Ó dùn, mà. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ jóná díẹ̀."

"Jóná kẹ̀? Lójú èmi Kùdírátù? Ọmọ tí kò jẹun látọjọ́ yìí ló wá ń bú oúnjẹ!"

Ọ̀ṣúnwùmí ti ń fi ìborùn nu ojú. "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó bú u," ó ní. "Ó ṣáà ń jẹ ẹ́."