Najeem Ló Ni Ilẹ̀, Ẹgbẹ́ Ló Ni Orí Ilẹ̀

Bàbá Jùbrílù ará Erunmu kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ ni. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ gbójú sókè wo ọ̀run kó tó dá yín lóhùn, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé àárọ̀ ni lóòótọ́. Bí ó bá ra iyọ̀, á tọ́ ọ wò níwájú ẹni tó tà á. Bí Mùjíbátù ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ wá, á ní kí obìnrin náà kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Mùjíbátù á jẹ, á tún jẹ, á wá gbé èyí tó kù síwájú ọkọ rẹ̀. Báyìí ni ìyàwó ṣe ń sanra, tí ọkọ ń rù, tí àwọn ará àdúgbò sì ń sọ pé obìnrin náà kò tọ́jú ọkọ.

Oko mẹ́ta ni bàbá yìí ní. Èyí tó wà lẹ́bàá odò ni ẹ̀gẹ́ ti máa ń ta jù, òun náà ló sì fẹ́ràn jù. Oko odò ni gbogbo ìlú ń pè é.

Ní ọdún tí àwọn alágbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ife tíì wọn gàrí dípò kóńgò, Bàbá Jùbrílù ṣàkíyèsí pé ẹnìkan ń wa ẹ̀gẹ́ òun lóko odò. Ó fura sí okété. Ó fura sí àna rẹ̀. Ó fura sí Ààfáà Safwan, lèmọ́mù àdúgbò, nítorí pé ọkùnrin náà ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí pé, “Bàbá, oko ńkọ́?” Nígbà tó yá, ó wòye pé ọjọ́ Jímọ̀ ni olè náà máa ń wá, nígbà tí gbogbo ènìyàn bá wà lórí ìrun. Ni bàbá bá pa ìrun Jímọ̀ jẹ, kí Ọlọ́run foríjì í, ó mú kùmọ̀, ó lọ fara pamọ́ sẹ́yìn igi ọsàn kan.

Ẹni tó dé ni Kifayah, opó tó ń gbé lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ẹni tó máa ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Kò mú ọkọ́ dání. Ọwọ́ ló fi ń wa ilẹ̀. Bó ṣe wa ẹ̀gẹ́ kan jáde, kò dúró di ìgbà tó máa gbé e délé kó sè é. Ó fi etí aṣọ nù ún, ó fi eyín bó o, ó gé e ní tútù fún àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ náà jẹ ẹ́ tòun ti iyẹ̀pẹ̀.

Bàbá Jùbrílù kò jáde. Ó jókòó sẹ́yìn igi ọsàn pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi lọ.

“Ṣé ẹ rí olè náà?” Mùjíbátù bi í nígbà tó délé.

“Okété ni.”

“Okété wo ló mọ ọjọ́ Jímọ̀?”

“Kì í ṣe mùsùlùmí ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí lórí ìrun.”

Mùjíbátù lọ gbé oúnjẹ wá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni bàbá kò ti lè jẹun dáadáa. Gbogbo ènìyàn Erunmu ló ti fura sí láyé rẹ̀, kò fura sí ebi rí.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Títílọpẹ́ dé. Tíṣà ni, ọmọ àwọn onígbàgbọ́ tó ń gbé ní Moniya. Ó ń bá Ẹgbẹ́ Oúnjẹ-Kárí ṣiṣẹ́, àwọn tó máa ń pín oúnjẹ fún opó àti ọmọ ilé-ìwé káàkiri àwọn abúlé. Wọ́n rán an wá bá àwọn àgbàlagbà sọ̀rọ̀, bóyá wọ́n lè fi nǹkan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà lẹ́yìn ikú wọn. Ọ̀rọ̀ ikú kò sì ṣeé sọ lójú àgbà, nítorí náà obìnrin náà rọra gbé e gba ẹ̀gbẹ́.

“Bàbá, lẹ́yìn ọgọ́fà ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wá sínú ogún yín.”

Bàbá Jùbrílù wò ó. “Ọgọ́fà ọdún. Ta ló bá mi kà á?”

“Àdúrà ni, Bàbá.”

“Àdúrà, tí ẹ ti mọ ibi tó máa parí sí. Ó dáa. O tún ní kí n fi yín sínú ogún mi. Inú ogún mi, ìkòkò wà níbẹ̀. Àdá wà níbẹ̀. Àgùntàn kan tó yarọ náà wà níbẹ̀. Bí mo bá fi ẹ̀yin náà kún un, Najeem ọmọ mi ló máa jogún yín. Ṣé o ti rí Najeem?”

Títílọpẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

“Ká ní mo fún yín lóko,” ó ní, “ẹ ò ní tà á?”

“A ò ní tà á, Bàbá.”

“Bó ṣe yá ọ lẹ́nu yẹn bà mí lẹ́rù.”

“Bí mo bá ronú kí n tó dáhùn ńkọ́?”

“Ìyẹn ì bá tún bà mí lẹ́rù jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Najeem yìí nìkan ni ọmọ tí Bàbá Jùbrílù bí. Ó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà ní ìgboro. Nígbà tó gbọ́ pé obìnrin kan láti Moniya wá bá bàbá òun sọ̀rọ̀ oko, ó gbéra lọ́jọ́ kejì, ó wálé.

“Bàbá, gbájúẹ̀ ni wọ́n. Ẹ ò ní tíì tutù tán tí wọ́n á fi ta ilẹ̀ yẹn fún àwọn tó ń kọ́ ẹ́síteètì.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Èmi ọmọ yín?”

“Wọ́n rí ìwọ àti ọkùnrin kan lẹ́bàá odò. Ó wọ bàtà funfun. Ẹ ń ka ẹsẹ̀ láti igun kan dé igun kejì.”

“À ń ṣe eré ìdárayá ni, Bàbá.”

“Ó dáa. Ara yín á le.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá há sí nìyí. Bàbá fẹ́ kí oko odò máa bọ́ ẹni tébi ń pa lẹ́yìn òun. Bó bá fi í sílẹ̀ fún Najeem, á tà á. Bó bá fi í sílẹ̀ fún ẹgbẹ́, ta ló mọ̀ wọ́n? Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó wá rántí bí àwọn baba wọn ṣe máa ń gba àlejò ní Erunmu. Wọ́n á fún àlejò ní ilẹ̀ dá oko. Onílẹ̀ ló ni ilẹ̀, àlejò ló ni ohun tó bá gbìn sórí rẹ̀. Onílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fa ẹ̀gẹ́ àlejò tu, àlejò kò sì gbọ́dọ̀ ta ilẹ̀ onílẹ̀.

Ó lọ bá Ààfáà Safwan. Ààfáà ní kò burú, bí ohun tó fẹ́ fi ṣe sàráà kò bá ti kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ní. Títílọpẹ́ mú ìwé wá kí bàbá tẹ̀ka sí i. Bàbá ní òun kò lè tẹ̀ka sí ohun tó dákẹ́ báyẹn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ṣe kírun tán, ó dìde níwájú mọ́sáláṣí. Najeem wà lápá ọ̀tún, Títílọpẹ́ dúró lábẹ́ igi níta.

“Ẹ gbọ́ o,” ó ní. “Lẹ́yìn mi, Najeem ló ni ilẹ̀ oko odò. Ẹgbẹ́ Oúnjẹ-Kárí ló ni orí ilẹ̀ náà. Kí wọ́n máa gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, kí wọ́n máa fi bọ́ ẹni tébi ń pa, kí Erunmu kọ́kọ́ jẹ kó tó kan ibòmíràn. Ọjọ́ tí Najeem bá mú ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ wá síbẹ̀, ilẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di ti ẹgbẹ́. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá jẹ́ kí ilẹ̀ ṣófo, ìbáà ṣe ọjọ́ kan péré, orí ilẹ̀ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó di ti Najeem. Kí wọ́n máa ṣọ́ ara wọn.”

“Bàbá,” Ààfáà Safwan ní, “ṣé ẹ ò lè fi ìfọ̀kànbalẹ̀ sílẹ̀ fún wọn ni?”

“N kò ní in. Ohun tí mo ní ni mo fi sílẹ̀.”

Bàbá Jùbrílù lo ọdún díẹ̀ sí i láyé, ó ń fura, ara rẹ̀ sì le. Ó kú ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fura.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ẹ̀gẹ́ oko odò ti gbó tó láti wà jáde. Najeem ti débẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ó gbé àpótí ìjókòó wá, ó mú Ààfáà Safwan dání bí ẹlẹ́rìí. Gbogbo ohun tó ń retí ni kí wọ́n wa ẹ̀gẹ́ náà tán. Bí wọ́n bá ti wà á tán, ilẹ̀ ṣófo nìyẹn, bó sì ti ṣófo, tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Títílọpẹ́ náà kò sùn. Ó ti gé igi ẹ̀gẹ́ tuntun kalẹ̀ ní ìdì ìdì. Bí wọ́n bá ṣe wa ebè kan, wọ́n á ti gbin igi tuntun síbẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan èyí tó tẹ̀ lé e.

“Tíṣà, oòrùn mú o,” Najeem ní. “Ẹ jẹ́ káwọn òṣìṣẹ́ yín jẹun ná.”

“Wọ́n á jẹun, Ọ̀gá Najeem. Ìdajì á jẹ, ìdajì á máa gbìn.”

Kifayah wà lára àwọn òṣìṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mú ọkọ́ dání. “Najeem,” ó ní, “ó ti pẹ́ tí o ti ń bá wa wo ilẹ̀. Ṣé o ò ní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀?”

Títí oòrùn fi wọ̀, ilẹ̀ kò ṣófo. Ààfáà gbé àpótí ìjókòó lé orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Najeem kò lọ. Bí ìrètí ilẹ̀ ṣe já mọ́ ọn lọ́wọ́, ìrètí mìíràn dé: bóyá òun lè ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n ti ń jalè. Ó ń tẹ̀ lé ẹ̀gẹ́ náà kiri, láti ibi tí wọ́n ti rin ín dé ibi tí wọ́n ti yan án, títí ó fi di gàrí nínú àpò.

Níbi tí wọ́n ti ń kó àpò sínú ọkọ̀ ni alága ẹgbẹ́ ti gbé jíìpù tirẹ̀ dé. Àpò kan rìn wọ inú búùtù rẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Títílọpẹ́ rí i, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ni, ó wo ilẹ̀.

Najeem kò ní ọ̀gá níbẹ̀. “Ẹ̀yin! Alága! Ta ni ìyẹn wà fún?”

“Fún àwọn òṣìṣẹ́ wa lọ́fíìsì ni, ọmọkùnrin mi.”

“Ṣé ebi ń pa wọ́n?”

“Rárá o, Ọlọ́run ń ṣe é, ṣùgbọ́n—”

“Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Ilẹ̀ mi ló hù ú. Bàbá mi kò sọ pé kí jíìpù jẹun.”

Àpò méjèèjì jáde. Alága ní àṣìṣe ni. Títílọpẹ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wúkọ́, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ dá ṣáká.

Najeem gun ọ̀kadà tẹ̀ lé ọkọ̀ náà láti ilé dé ilé. Ibi tí wọ́n bá ti já gàrí, òun náà á dúró ṣe ìwádìí. Ó dé ọ̀dọ̀ Kifayah.

“Kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín?”

“Wọn ò gba nǹkan kan.”

“Wọ́n ní kẹ́ ẹ dìbò fún ẹnìkan?”

“Rárá.”

“Kí ni wọ́n wá ní kẹ́ ẹ ṣe?”

“Wọ́n ní kí n jẹ ẹ́, Najeem.”

Ó fi ìbínú wálé. “Wọn ò jí nǹkan kan,” ó sọ fún ìyá rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

“Ṣé kò yẹ kó dùn mọ́ ọ?” Mùjíbátù bi í.

“Wọ́n mọ̀ pé mò ń wò wọ́n ni.”

Nírọ̀lẹ́ ni fóònù rẹ̀ dún. Títílọpẹ́ ni. Ó ní Erunmu ti gba tirẹ̀ tán, àwọn á gbé ìyókù lọ sí apá Akínyẹlé láàárọ̀ ọ̀la. Ó ní alága ti ní òun á bá wọn lọ, pẹ̀lú jíìpù.

“Kí ló kàn mí ńbẹ̀?” Najeem béèrè.

“Kò kàn yín rárá, Ọ̀gá Najeem. Mo kàn ní kí n sọ fún yín ni.”

Najeem fura pé ṣe ni obìnrin náà fẹ́ fi òun ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ dé ìdí ọkọ̀.