Ọ̀sán Jímọ̀ Tí Àwo Wa Gbọ́ràn

Òórùn irin jíjó àti ata tútù ló máa ń sọ sí mi nímú bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Òkè-Afá. Nígbà tí owó epo rọ̀bì gbòde, a kọ́ ilé gíga onípáànù kan síbẹ̀, níbi tí a ti ń to àwọn àwo ńlá onírin tí ń gbọ́ ohùn ìràwọ̀, tí a sì ti ń dán wọn wò. Má rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi. Etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ nínú gbohùngbohùn: ṣàà, bí òjò tó ń bọ̀ lókèèrè. Èmi ni akọ̀wé ibẹ̀, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa kọ aago tí ohùn bá dún sínú ìwé.

Ṣùgbọ́n àwo àkọ́kọ́ kò gbọ́ nǹkan gidi. Ariwo ta-ta-ta kan ń bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnjiníà, ọ̀gá wa, ní Bàbá jórinjórin wa, ará Ìsẹ́yìn, ló ń jórin ní kọ̀rọ̀ nígbà ìdánwò. Bàbá búra pé òun kọ́. Ìwé tèmi ló wá dá a lẹ́bi, nítorí ọ̀sán Jímọ̀ nìkan ni ariwo náà kì í dún, ìgbà tí Bàbá bá lọ kírun.

"Tẹ́ ẹ bá ti lọ, ó máa ń stop," ni Ẹnjiníà wí ní Tọ́sìdeè. "Ẹ parí iṣẹ́ ọ̀la, Bàbá, kẹ́ ẹ má wá mọ́."

Bàbá wojú mi. "Àǹtí akọ̀wé, òótọ́ lẹ kọ. Ṣùgbọ́n èmi kọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, èmi ni mo sì gbé kálámù fún òṣìkà.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ata lọ sẹ́yìn ògiri ilé iṣẹ́ wa láti lọ̀ ọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ìlọta wà ní títì. Aládùúgbò kan ní, "Ẹ ò mọ̀ pé Jímọ̀ ni? Ìyá Ṣikírù tó ni ẹ̀rọ ti lọ mọ́ṣáláṣí."

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ẹni méjì ló ń lọ kírun! Mo sáré lọ sọ fún Ẹnjiníà. Nígbà tí ìyá náà dé, a ní kó tan ẹ̀rọ rẹ̀. Bó ṣe fa okùn, ta-ta-ta nínú gbohùngbohùn. Bó ṣe pa á, ṣàà.

"Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìràwọ̀," ni ìyá náà wí, "ata tèmi ló ń di etí ẹ̀?"

Ẹnjiníà dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá lójú gbogbo wa. A fàdéhùn sí i pé ọ̀sán Jímọ̀ la ó máa ṣe ìdánwò, kí ìyá má baà pàdánù oníbàárà. Àfi bó ṣe jẹ́ pé Bàbá tó jó irin àwo náà kì í sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Ìyá Ṣikírù ló kọ́kọ́ rí i. Ní Jímọ̀ kan, ó dé láti mọ́ṣáláṣí, àwọn oníbàárà tò, ó kọ̀, kò tan ẹ̀rọ. "Ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kí bàbá yẹn gbọ́ tiẹ̀ ná."

Bàbá, tí òun náà ti kírun dé, bọ́ fìlà, ó gbé etí sí gbohùngbohùn. "Ẹ gbọ́ ọ bí?" ló bi mí. "Mo wà níbí, kò sì sí ariwo."

Mo ti di àgbà akọ̀wé látìgbà náà. Síbẹ̀, kí n tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ta ló tún lọ kírun.