Ohùn Ìyáálé Mi Tí Mo Wá Lọ sí Ìfọ̀

Ọdún kejì lẹ́yìn tí ohun ìjà bú ní Ìkẹjà, tí ilé wa ní Lotto, ní Mowe, mì tìtì tí abọ́ sì já bọ́ lórí pẹpẹ, ni mo rin ìrìn àjò yìí. Mi ò mọ nọ́ńbà ọdún, àwọn ọmọ ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òjò ti ń dá, iṣu tuntun ti pọ̀ lójú títì, inú sì ń bí mi. Mo gbé ìbínú sùn, òun náà ni mo bá jí. Mo kírun àsùbáà, mo ró ìró, mo wọ bàtà rọ́bà, mo sì jáde kí àwọn ọmọ tó jí, torí wọ́n ti ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Kí ẹ tó bá mi dé ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bí mi nínú. Nígbà tí mo wà léwe, ọkọ mi, ìyáálé mi Ràbíátù àti èmi wà nínú ẹgbẹ́ eléré kan. Ọkọ mi ló ń ta àgídìgbo. Ràbíátù ló ń lé orin, èmi àti obìnrin méjì mìíràn là ń gbè é. Ọ̀gá wa, Bàbá Eléré, ya fíìmù kan tó pè ní Àgbàlá Mẹ́ta, nípa ìyá kan tó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri ààfin. Wọ́n tẹ orin inú fíìmù náà sí àwo dúdú ńlá, a sì ń tà á lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn bí èrò bá ń jáde. Àwo náà tán lọ́jà, ẹnikẹ́ni ò tẹ òmíràn mọ́. Kò tó ọdún kan sí i tí Ràbíátù fi kú. Ó fi Múínátù sílẹ̀, ọmọ ọdún méjì, èmi ni mo sì wò ó dàgbà. Mi ò ní purọ́ fún yín: èmi àti ìyáálé mi kì í jẹun nínú abọ́ kan. Ṣùgbọ́n tó bá ti lanu lé orin, ìjà parí nìyẹn títí orin yóò fi tán.

Múínátù wá wà nílé ọkọ ní Magboro, ó lóyún àkọ́kọ́. Ó gbọ́ pé wọ́n ti gbé fíìmù náà jáde lórí sídì, ó rà á, ó gbé e wá sí Lotto. Ó ní, "Màmí, mo fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá mi kí n tó bímọ." A jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ojú Ràbíátù yọ, ó lanu, kíbọ́ọ̀dù ló sì jáde níbẹ̀, dùùrù oníná tó ń ké bí ẹ̀fọn létí ẹni tó ń sùn. Ọmọdébìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí wá ń kọrin lé ẹnu ìyáálé mi. Múínátù bú sẹ́kún. Ó ní ohùn ìyá òun dùn. Mo ní kì í ṣe òun, wọ́n ti yọ ohùn rẹ̀ kúrò. Ọmọ yẹn nu ojú rẹ̀, ó wò mí bí ẹni pé mò ń jowú òkú. Kò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orogún, a ò lè wí pé kò rí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n gbà wá gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní mo ń lọ sí Ìfọ̀, nílé Bàbá Eléré, lọ wá àwo náà.

Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Lotto, àádọ́ta náírà dé Bájà. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí a kọjá Ibafo. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́ nígbà kan ti di ilé, èyí tí kò tíì di ilé ti di búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò jọ. Àwọn ará Èkó ló ń kọ́ ọ. Ọmọlúwàbí ni wọ́n, wọ́n ń kíni, ṣùgbọ́n géètì ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe kí wọ́n tó ṣe òrùlé. Ní ìgbà tiwa, ẹnu ọ̀nà wa kò mọ géètì.

Awakọ̀ wa ki kásẹ́ẹ̀tì orin bọ rédíò ọkọ̀, mo bi í bóyá ó mọ orin Àgbàlá Mẹ́ta. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, òun ní sídì rẹ̀ nílé. Ó ní, "Màmá, wọ́n ti tún un ṣe. Kíbọ́ọ̀dù ti wà níbẹ̀ báyìí, ó ti bá ìgbà mu."

Mo ní, "Bí mo bá fi ẹnu ọmọ mi sí ojú rẹ, ṣé wàá ní wọ́n ti tún ọ ṣe?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má bínú, ó sì yí orin rẹ̀ wálẹ̀ títí a fi dé Bájà. Mi ò sọ fún un pé kì í ṣe òun ni mò ń bá jà.

Láti Bájà mo wọkọ̀ lọ sí Ìyànà Ìpájà, láti ibẹ̀ mo wọ òmíràn dé Sango. Ní Sango mo ra ẹ̀kọ méjì àti mọ́ínmọ́ín elépo kan. Ẹ̀kọ wọn kéré ju tiwa ní Mowe lọ, ewé ló pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́ínmọ́ín náà gbóná, mi ò sì rí nǹkan bú sí i. Ọ̀nà Sango sí Ìfọ̀ kò dáa rárá. Awakọ̀ ń fi ọ̀dà sílẹ̀, ó ń gba inú iyẹ̀pẹ̀, eruku pupa sì bò wá títí dé ìpéǹpéjú. Nígbà tí mo fi máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́jà Ìfọ̀, oòrùn ti mú.

Ilé Bàbá Eléré wà lẹ́yìn ọjà, níbi tí a ti máa ń múra eré nígbà kan. Bàbá ti kú, Táíwò ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe olórí ilé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa, ó sì bu omi tútù wá nínú ife. Mo ní kó gbé omi rẹ̀ kúrò níwájú mi, mi ò wá mumi. Mo bi í pé ta ló ta ohùn Ràbíátù. Ó ní kò sẹ́ni tó ta á. Ó ní àwọn tó ń gbé fíìmù jáde l'Ékòó ló ní ohùn inú rẹ̀ ti gbó, ni wọ́n bá gba masta lọ́wọ́ òun. Masta yìí ni ìyá téèpù, òun ni wọ́n fi ń bí gbogbo ọmọ àwo. Wọn ò dá a padà, àwọn náà sì ti kó kúrò níbi tí wọ́n wà.

Mo ní kó mú àwo wá nígbà náà, ká fi tẹ òmíràn. Ó ní páálí méjì ló ṣẹ́kù lẹ́yìn ikú bàbá òun, inú àjà ni wọ́n kó o sí, lábẹ́ páànù. Ooru ti ká gbogbo rẹ̀ bí ewé gbígbẹ, wọ́n sì ti kó o dànù. Ó wá sọ èyí tó dùn mí jù. Ó ní, "Màmá, ká tiẹ̀ rí i tẹ̀, ta ni yóò rà á? Ibì kan wà nínú orin yẹn tí gbogbo yín kàn dákẹ́. Àwọn ará Èkó ní àṣìṣe ni."

Mo dìde. Mo ní bàbá rẹ̀ kò bí i dáadáa. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn wúwo, mo sì sọ ọ́. Mo mú àpò mi, mo kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Táíwò, opó Bàbá Eléré, ló jókòó síbẹ̀ lórí ẹní. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò tíì di. Ó ní, "Àbẹ̀ní, mi ò gbọ́ kí o gbé omi mì."

Mo ní òùngbẹ ò gbẹ mí.

Ó ní, "Láti Mowe? Ẹni tó bá kọ omi ilé ẹni, ó ti di ọ̀tá ilé náà. Ọmọ mi lo bá wá jà, mo gbọ́. Ṣé o bá èmi náà jà ni? Bí o ò bá fẹ́ tọwọ́ rẹ̀, lọ bu tìrẹ fúnra rẹ bí ẹ ti máa ń ṣe."

Òótọ́ ló sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ènìyàn lè kọ oúnjẹ, ó lè ní òun ti yó, ṣùgbọ́n omi kò ní àwáwí. Ìyá yìí ló sì ń pọn omi fún wa nígbà tí a bá ti kọrin títí ọ̀nà ọ̀fun wa gbẹ. Ó tì mí lójú. Mo gbé àpò sílẹ̀, mo wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Ní Mowe, ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni àmù wa máa ń wà, a ń fi pákó dé e. Ní Ìfọ̀, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ó ṣókùnkùn tí ó sì tutù ni àmù wọn wà. Mo fọwọ́ kan ìdérí, ó ń yọ̀. Mo gbé e sókè. Ó dúdú, ó rí róbótó, ó fẹ́lẹ́, wọ́n fi ìda àbẹ́là dí ihò àárín rẹ̀. Mo gbé e lọ síbi tí oòrùn wà. Bébà aláwọ̀ ewé àárín rẹ̀ ti ya dà nù, ìdajì ló kù. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ àwòrán ilẹ̀kùn mẹ́ta tó máa ń wà láàárín àwo wa. Méjì ló kù nínú rẹ̀.

Mi ò mu omi náà mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ènìyàn, mo gbé ìdérí àmù lé itan.

Ìyá Táíwò ní òun ló mú un kí wọ́n tó kó ìyókù sínú àjà, torí ó bá ẹnu àmù òun mu wẹ́kú. Táíwò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tó ti ń bu omi níbẹ̀, kò yẹ̀ ẹ́ wò rí.

Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó ní chéńjà, ẹ̀rọ tí a fi ń lu àwo láyé ìgbà yẹn. Èmi àti Táíwò gbé e lọ bá a. Bàbá náà fi òwú nu àwo, ó yọ ìda àbẹ́là, ó gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ojú kìíní, èyí tó wà lókè tí wọ́n ń gbé ife lé, kò ní nǹkan kan mọ́ àfi ariwo bí ẹni ń dín àkàrà. Bàbá náà yí i padà sí ojú kejì, èyí tó kọjú sí omi.

Àgídìgbo ọkọ mi ló kọ́kọ́ wọlé. Kì í yára. Ó ń rìn bí ẹni tó ti rìn láti àárọ̀ tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ràbíátù wá gbé ohùn lé e. Ohùn rẹ̀ kò tín-ín-rín bíi ti ọmọ inú sídì. Ó nípọn, ó ní eruku nínú. Ó ní, "Mo dé àgbàlá kìn-ín-ní, mi ò bá ọmọ mi." A gbè é pé, "Padà wálé, ọjọ́ ń lọ." Ó ní òun dé ìkejì, a tún gbè é. Ó ní, "Mo dé àgbàlá kẹta." Ibẹ̀ ni a dákẹ́ sí. Bàbá Eléré ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ó ní obìnrin yìí ti dé ibi tí kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Àgídìgbo dúró. Ràbíátù dá nìkan pe ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó jẹ́. Ní gbọ̀ngàn, ibẹ̀ ni àwọn ìyá ti máa ń bú sẹ́kún. Ọjọ́ tí wọ́n gba ohùn wa sílẹ̀, ó kù díẹ̀ kí n ṣì í gbè. Ẹnu mi ti là, mo fà á sẹ́yìn, èémí mi sì bọ́ sínú àwo. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lójú abẹ́rẹ́, hìn-ín, lẹ́yìn ìpè kẹta.

Táíwò ní, "Màmá, ibí ni kíbọ́ọ̀dù wà nínú sídì."

Mo ní, "Ibi tí bàbá rẹ ní ká dákẹ́ sí lẹ lọ pariwo sí."

Ó gbé orí wálẹ̀. Ó ní òun máa wá ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́ síta bó ṣe wà yìí. Mo ní kó wá a. Títí di òní tí mò ń sọ̀rọ̀, ó ṣì ń wá a. Bàbá onírédíò gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì méjì fún mi. Ìyá Táíwò ní kí n máa gbé àwo lọ, kí n ṣáà fi ìdérí mìíràn ránṣẹ́ sí òun. Mo padà mu omi rẹ̀ kí n tó lọ, ife méjì.

Bí mo ṣe ń bọ̀, mi ò kọ́kọ́ lọ sílé. Mo sọ̀ ní Magboro, mo kan ilẹ̀kùn Múínátù, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́, mo sì jókòó. Ó gbọ́ ọ tán, ó dá a padà, ó tún gbọ́ ọ. Ó wá bi mí pé, "Ta ló mí kanlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni. Ìyá rẹ ló ń pè."

Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún rẹ̀, ó ní kí n má bínú. Mo ní mo ń bínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí i. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ìbínú ló gbé mi dé Ìfọ̀, òun náà ló sì kù díẹ̀ kó gbé mi kúrò níbẹ̀ lọ́wọ́ òfo, torí ife omi kan.

Nígbà tó yá, mo pe àwọn ọmọ wa, Múínátù náà wà láàárín wọn, mo na páálí tí àwo Àgbàlá Mẹ́ta máa ń wà nínú rẹ̀ sí wọn, èyí tí ẹnì kan bá mi rí l'Ábẹ́òkúta. Àwo kò sí nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún mi. Orúkọ Bàbá Eléré wà níbẹ̀, ti ọkọ mi wà níbẹ̀, ti ẹni tó wakọ̀ wa pàápàá wà níbẹ̀. Fún àwa, wọ́n kọ "àwọn obìnrin elégbè." Mo ní fún wọn pé ọjọ́ kan ẹnì kan yóò tẹ àwo yìí síta, bí mo bá wà láyé o, bí mi ò sí o. Mo ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ó fi nǹkan kan dí ibi tí a dákẹ́ sí. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí náà, ṣáájú ti bàbá wọn, pé Ràbíátù ló lé e. Bí àyè bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ pé Àbẹ̀ní gbè é.