Àkísà tí kì í ṣe ti ológbò

Píọ̀-wọ́tà kan tí mo rà láàárọ̀ yìí, àádọ́ta náírà ni. Mo dà á sínú àwo fún ológbò mi, tó nà gbalaja sórí símẹ́ńtì nítorí ooru. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní àdúgbò Bajulaiye, kọ́bọ̀ kan ni garawa omi ẹ̀rọ.

Bàbá onítẹ̀wé tó ni ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé wa ló kọ́ mi ní ìtọ́jú ológbò. Eku máa ń jẹ bébà rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń sin ológbò kan. Bí oòrùn bá ti mú páànù ṣọ́ọ̀bù gbóná, Bàbá á rẹ àkísà funfun sómi, á fún un, á sì rọra fi nu etí àti àtẹ́lẹsẹ̀ ológbò náà.

"Bàbá, ẹ tún ń wẹ àjẹ́ yín?" ni ìyá oníbúrẹ́dì òdìkejì ọ̀nà máa ń wí.

"Ẹ ṣáà bá mi kìlọ̀ fún eku yín kó má ya ibí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá pa ẹ̀rọ, ó lọ kírun Àílà. Ológbò ń mí gúlegúle, ahọ́n rẹ̀ yọ síta. Mo mú àkísà tó sún mọ́ mi, mo rẹ ẹ́ sómi, mo fi nù ún láti orí dé ìrù. Inú mi ń dùn. Bàbá ò tíì wọlé tán tó fi fa imú.

"Àkísà wo lo fi nù ún?"

"Èyí ni, Bàbá."

Èyí tó fi ń nu tàdáwà kúrò lára ẹ̀rọ ni, kẹrosíìnì ló kún inú rẹ̀. Ológbò sì ti ń yí ọrùn láti lá ara rẹ̀.

"Di orí ẹ̀ mú! Bó bá lá a, ó kú nìyẹn!"

Mo dì í mú. Ó fi èékánná ya mí lápá, n kò jù ú sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ó wá fi bùbá ara rẹ̀ wé e mọ́ àyà. Ìwé ìpè síbi òkú tí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ń bọ̀ wá gbà wà lórí ẹ̀rọ. Bàbá ò tiẹ̀ wò ó. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Àlàásárì kí ológbò tó bọ́ sílẹ̀, tó lọ lá omi nínú àwo. Ìgbà yẹn ni Bàbá tó mí kanlẹ̀.

Kò nà mí. "Ìfẹ́ lo fi ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó fi aṣọ kan ara ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀."

Mo ka ìwé dé yunifásítì, mo ti gbàgbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó mi ń ṣàìsàn, kò sí ọjọ́ kan tí mo nu ojú rẹ̀ láìkọ́kọ́ gbé táwẹ́lì sí imú.

Bàbá ti lọ. Ìyá oníbúrẹ́dì ti lọ. Ológbò náà pẹ́ dáadáa kó tó lọ. Ó ku èmi, àti àpá èékánná méjì lápá mi.