Ilẹ̀ Ilé Tó Ń Dán

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ọwọ́ mi kún fún ojú ọgbẹ́ nítorí àfọ́kù ìgò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé gíga ni, níbi tí wọ́n ti kọ́ wa pé a lè lọ ìgò tó kún inú gọ́tà, kí a fi í dípò díẹ̀ nínú yanrìn tí a fi ń po kọnkéré. Bí ẹ bá rí mi nígbà náà, ẹ ó rò pé èmi ni mo kọ́kọ́ mọ sìmẹ́ńtì láyé.

Bàbá mi, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ń kọ́lé lọ́wọ́ sí Ibafo. Yàrá kan ṣoṣo ló háyà l'Ékòó láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ilé yìí sì ni ohun kan tó fẹ́ rí kó tó kú. Nígbà tó ku ká da kọnkéré sílẹ̀ ilé, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n lo ìgò. Ó ní, "Ṣebí torí ẹ̀ la ṣe rán ẹ níléèwé? Oya, ṣe é."

Mo ṣa ìgò dé Ifo, mo sì lọ̀ ọ́. Bíríkìlà wa, baba àgbàlagbà kan, ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀.

"Ẹnjiníà, gàrí lèyí. Lọ̀ ọ́ kó kúnná bí èlùbọ́. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́ o."

Wọ́n ti sọ ọ́ fún wa níléèwé náà pé ìgò tí kò bá kúnná máa ń bá sìmẹ́ńtì jà bí omi bá ti kàn wọ́n, kọnkéré á sì wú. Ṣùgbọ́n mo ti rí bí èyí tó rí wóróworo ṣe ń dán nínú oòrùn, mo sì fẹ́ kí àlejò rí i. Mo fi bíríkìlà náà rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n pò ó.

Ilẹ̀ náà dán lóòótọ́. Bàbá mi bọ́ bàtà rìn lórí rẹ̀, ó ń pe àwọn aládùúgbò, "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ mi!"

Nígbà òjò kejì, àárín pálọ̀ wú, ó sì sán dé yàrá. A lẹ̀ ẹ́, ó tún sán. Bíríkìlà ní àfi ká fọ́ gbogbo rẹ̀ tún dà, àmọ́ owó bàbá mi ti tán pátápátá, tèmi náà ò sì tíì tó nǹkan títí di òní. Ohun tí bàbá mi ń sọ fún gbogbo àlejò ni pé, "Ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n tà fún mi." Kò dárúkọ mi mọ́ ọn rí. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Ó ti darúgbó báyìí, ògiri ló ń dì mú rìn, ilẹ̀ náà sì ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Nígbàkigbà tí mo bá kí i lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, "Dúró ná," màá sì máa gbọ́ bó ṣe ń wọ́ ẹní bo ojú ibi tó sán. Bí mo bá wọlé, orí ẹní yẹn ni mo ń dọ̀bálẹ̀ sí, àyà mi a sì kan ibi tó wú.

"Ó ti tó, dìde," ni bàbá mi máa ń yára wí.