Ohun Tí Ìyá Mi Fi Ṣínu

Mo rántí bó ṣe máa ń ta mí létè, tútù bíi yìnyín, ó kan díẹ̀ bí ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fún sínú omi. Wáìnì funfun ilẹ̀ Faransé ni. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn olówó ń ṣí níbi ìgbéyàwó o. Olówó pọ́ọ́kú ni, èyí tí òṣìṣẹ́ ìjọba bíi tèmi lè rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, kó fi sin ẹja yíyan lọ́fun ní ìrọ̀lẹ́ lásán. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló kọ́ mi. Mo wá sọ ara mi di ọlọ́gbọ́n: mo ní ọtí kọ́ lèyí, omi àjàrà ni. Bẹ́ẹ̀ ọmọ àfáà ni mí, ọmọ bíbí Ìlọrin.

Àpọ́n ni mí nígbà náà, mò ń gbé ní Adéwọlé. Àwọn ẹbí máa ń yà láì sọ tẹ́lẹ̀, wọn a sì ṣí fíríìjì mi bí ẹni ṣí àpótí baba wọn. Igò wáìnì kò ṣeé fi síbẹ̀. Ìyá mi ti fún mi ní gálọ̀nù kékeré kan tó kún fún Sàmúsàmú, omi mímọ́ tí ó gbé ti Mẹ́kà bọ̀. Mo ti mu omi náà tán, inú gálọ̀nù náà ni mo wá ń da wáìnì mi sí. Amòòkùn ṣìkà, bí ọba ayé kò rí ọ, ti ọ̀run ń wò ọ́. Èmi rò pé àwọn ẹbí mi nìkan ló lójú.

Oṣù ààwẹ̀ wọlé. Mo pa ìyókù wáìnì tì sínú gálọ̀nù nínú fíríìjì, mo ní ó di lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, èmi ẹlẹ́sìn rere. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ìyá mi gun kẹ̀kẹ́ Màrúwá wá pẹ̀lú mọ́sà gbígbóná, ó ní òun fẹ́ bá mi ṣínu. Mò ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ nígbà tí ladáánì pe ìrun. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, gálọ̀nù ti wà lọ́wọ́ ìyá mi, ife sì ti kún.

"Ọkọ mi, o ṣì tọ́jú Sàmúsàmú tí mo fún ẹ!" Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó kọjú sí gábàsì. "Ọlọ́hun, má jẹ̀ẹ́ kójú ó ti ọmọ mi láéláé."

Àyè wà fún mi láti pariwo. Ojú ló tì mí. Mo ní, "Àmín."

Ó mu ún, ó fajú ro. "Ó kan lẹ́nu mi. Àbí ó ti pẹ́ jù ni?"

"Ó ti pẹ́ ni, Ìyá. Ẹ jẹ́ n dà á nù."

"Sàmúsàmú kẹ̀? A kì í da alùbáríkà nù. Ẹnu ààwẹ̀ mi ló korò."

Ó di ojú, ó mu ún tán, ó sì tún ṣe àdúà fún mi. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bọ́ síwájú, kí n ṣe ìmáàmù òun. Mo ṣe é.

Láti ọjọ́ yẹn n kò fẹnu kan wáìnì mọ́. Mo gbèrò láti jẹ́wọ́ fún un, ọdún kan ń gorí òmíràn. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi, òtítọ́ kò lé e bá títí a fi sin ìyá mi. Àfáà kan tí mo sọ fún ní a kò kọ ẹ̀ṣẹ̀ kankan sí i lọ́rùn, nítorí kò mọ̀; kí èmi máa tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Mo ti tọrọ, mo ṣì ń tọrọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ bẹ̀ gan-an ti kú láì mọ̀ pé mo ṣẹ òun.